Lẹ́tà Tí Bádéjọ Dá Padà

Ibi ìdánwò iṣẹ́ ni Oríyọmí àti Jọláolúwa ti pàdé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì ń dù. Ọdún 2021 ni. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ń wá akọ̀wé kékeré, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ ṣe ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọn kò mọ ara wọn rí. Kálukú sá wá sí kafé kan nítòsí gáréèjì Ìkòròdú torí wọ́n ní iná ibẹ̀ kì í lọ. Ọjọ́ náà gan-an ló lọ.

Kọ̀ǹpútà kú pátá. Oríyọmí yọ fóònù rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò ní dátà. Aago ìdánwò ń lọ ní tirẹ̀.

"Ẹ tan Wáì-Fáì yín," ni ọmọbìnrin tó jókòó tì í wí láìgbójú sókè. "Ẹ máa rí Jọláolúwa níbẹ̀. Dátà mi nìyẹn, ẹ máa lò ó."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń dù?"

"Mo mọ̀. Ẹ yáa ṣe kíá, ó ti ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún."

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rí iṣẹ́ náà gbà nínú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, ìmeèlì kan náà dé bá àwọn méjèèjì. Ẹni tó kọ ọ́, tàbí ohun tó kọ ọ́, gbàgbé láti fi orúkọ wọn sí i: "Ọ̀wọ́n ORÚKỌ, a dúpẹ́ fún ìfẹ́ tí o ní sí ilé iṣẹ́ wa." Oríyọmí ti gba nọ́ńbà Jọláolúwa lọ́jọ́ ìdánwò, ó ní òun fẹ́ dá dátà rẹ̀ padà. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ pè.

"Ṣé tiyín náà ti dé," ni Jọláolúwa béèrè lórí fóònù, "Ọ̀wọ́n Orúkọ?"

Oríyọmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ọdún kan kọjá. Jọláolúwa rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan, torí pé ìyá tó ni ilé ìwé náà rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ràn bó ṣe ń bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀. Kò sí ìdánwò, kò sí ìmeèlì. Oríyọmí ní tirẹ̀ padà sí abúlé bàbá rẹ̀ lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ìlàjẹ ni wọ́n, apẹja láti etíkun Oǹdó. Ó ní ìwé ẹ̀rí HND, ó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, kò sì jókòó lásán: òun ló ń wa ọkọ̀ ojú omi wọn, òun ló ń bá àwọn oníbàárà dúnàádúrà ẹja. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìrírí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹja kì í ṣe ìrírí. Iṣẹ́ tí wọ́n pè ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìrírí ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè fún un. Èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí ò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣe máa ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n máa ń pàdé ní èbúté Ìpakodò, wọ́n á jókòó síbi tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi.

"Ìwé ìwáṣẹ́ mélòó ló ti di báyìí?" ni Jọláolúwa máa ń béèrè.

"Igba ó lé mẹ́rìnlá."

"Mélòó ló dáhùn?"

"Gbogbo wọn ni. Ẹ̀rọ kì í pẹ́ dáhùn."

Á máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í wo ojú rẹ̀. Jọláolúwa á fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì mọ ohun tí òun lè fi tù ú nínú.

Bàbá Jọláolúwa, Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, ni olórí sítọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àga oníke ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìkòròdú. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀nà ti là fún kì í sábà gbà pé wọ́n lè ti ọ̀nà náà pa. Ọjọ́ tí Oríyọmí kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ nílé wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mo ń wá a lọ́wọ́, sà."

"Níbo lo ti ń wá a?"

"Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sà."

"Ìyẹn ni pé o jókòó." Bádéjọ gbé kọ́ọ̀pù omi rẹ̀ kalẹ̀. "Lọ́dún 1994, mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi funfun, mo gbé lẹ́tà náà lọ sí géètì. Ọ̀gá àgbà ń jáde bọ̀ nínú mọ́tò, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó gba lẹ́tà náà, ó kà á lójú mi. Ó ní, 'Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ mà dáa o. Wá ní Mọ́ńdè.' Ó kà á lójú mi, ṣé o gbọ́? Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń wá a, kì í fi àtàǹpàkò wá a."

Ọmọ tó gbọ́n kì í bá bàbá ìyàwó jiyàn. Oríyọmí fọwọ́ kọ lẹ́tà mẹ́fà, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé wọn lọ sí géètì mẹ́fà. Ní géètì kẹta, ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Múdàṣírù gba lẹ́tà náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fa páálí kan yọ lábẹ́ tábìlì. Lẹ́tà ló kún inú rẹ̀ bámú.

"Gbogbo wọn rè é, bọ̀ọ̀dá mi. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá kó wọn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ. Ti ọmọ tèmi gan-an wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Oríyọmí kò sọ èyí fún Bádéjọ. Jọláolúwa nìkan ló sọ ọ́ fún.

Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ gbé òmíràn dé. Wọ́n ní kí olùwáṣẹ́ máa wo ojú fóònù, kó sì máa dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ní abúlé wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró létí omi. Ó dìgbà tí èèyàn bá tu ọkọ̀ dé àárín ọ̀sà. Oríyọmí á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á de táì, á wọ ṣòkòtò péńpé sísàlẹ̀ torí omi, á wá tu ọkọ̀ lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Bàbá rẹ̀, Mojúbàolú, á dúró létí omi, á máa wò ó.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún?" ló bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò sẹ́nì kan, Bàbá. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ náà ń dá ọ lóhùn?"

"Rárá, sà. Ó kàn ń gba ohùn mi sílẹ̀ ni."

"O wá de táì fún un?"

"Wọ́n ní kí a múra dáadáa, sà."

Mojúbàolú kàn ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ló ní kí wọ́n ra bébà olówó ńlá àti rìbọ́nù pupa bọ̀ láti ọjà Ẹ̀pẹ́, ó jókòó fún ọjọ́ méjì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kọ ọ́, kò sì jẹ́ kí Oríyọmí rí inú rẹ̀.

Àbúrò Mojúbàolú lóbìnrin, Àǹtí Agnes, ló ṣe alárinà. Aránṣọ ni ní Ìkòròdú, òun ló sì ń rán aṣọ fún ìyá Jọláolúwa, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì nínú ilé. Ìyá Jọláolúwa ti gba tirẹ̀. Ó ní ojú ọmọ náà kò le, àti pé ọkùnrin tó ń pọ́n obìnrin lé báyìí ò pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ wá ku ti Bádéjọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni.

"Lẹ́tà wo nìyí?" ni Bádéjọ béèrè.

Agnes wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, àwọn fẹ́ já a."

"Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni mo ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ mú wá. Tí ìyẹn bá dé, èyí á tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi dá a padà fún wọn."

"Ẹ tiẹ̀ kà á ná, sà. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló fọwọ́ kọ ọ́."

"Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Jọláolúwa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Agnes gbé lẹ́tà náà padà sí Ẹ̀pẹ́, rìbọ́nù rẹ̀ kò tú. Mojúbàolú gbà á, ó fi í sáàárín Bíbélì rẹ̀, kò sì bínú lójú ẹnikẹ́ni. "Nínú ilé wa," ló sọ fún Agnes, "a kì í fi lẹ́tà ìyàwó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó dá a padà ni yóò wá a wá."

Gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá ìyàwó kì í wá nǹkan kan wá sílé ọkọ. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Oríyọmí náà gbà pé ó ti tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fóònù dún kọjá. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé Jọláolúwa ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, pé òun ń fi ọjọ́ orí ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò, pé ọkùnrin gidi á tú u sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Ìpakodò, ó sọ ọ́.

"Jọláolúwa, mo rò pé kó o lọ fẹ́ ẹlòmíì."

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní kó o má fi mí dúró mọ́. O lè rí ẹni tó dáa jù mí lọ."

Jọláolúwa yíjú sí i. "Ṣé ìwọ náà fẹ́ fi tìẹ ránṣẹ́ sí mi ni? 'Ọ̀wọ́n Orúkọ, lẹ́yìn àyẹ̀wò fínnífínní'?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Oríyọmí kó tó mọ̀, omijé sì tẹ̀ lé e.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni Jọláolúwa wí. "Ìgbà tí mo fún ọ ní dátà mi, o ò níṣẹ́. Mo mọ ohun tí mo mú. Ọ̀dọ̀ Dádì ni wàhálà wà, kò sí lọ́dọ̀ mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò bẹ̀rù, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó sunkún.

Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú sítọ̀ Bádéjọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ń dà á láàmú, òun náà sì ti rí i pé ọmọ òun kì í rẹ́rìn-ín nínú ilé mọ́.

"Ní kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí," ló sọ fún Jọláolúwa. "Tó bá gbà á, kí wọ́n gbé lẹ́tà wọn bọ̀. Sítọ̀ tèmi ni. Ta ló máa ní rárá?"

Oríyọmí tu ọkọ̀ lọ sáàárín ọ̀sà, ó kọ gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lẹ́yìn tó fi ránṣẹ́, rárá dé. Bádéjọ lọ bá àwọn ọ̀gá, wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ ṣa àwọn èèyàn, àwọn tó bá ṣà nìkan làwọn ń rí.

"Ó kọ ìkọkúkọ ni," ni Bádéjọ wí nígbà tó délé. "Ọmọ tí ò lè kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù lásán."

"Dádì," ni Jọláolúwa dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ jẹ́ ká fi orúkọ tiyín kọ fọ́ọ̀mù náà. Ká lè mọ ibi tó ti ṣe àṣìṣe."

Ọ̀sán Sátidé ni. Bádéjọ wọ awò ojú rẹ̀, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀. Ó rò pé ogún ìṣẹ́jú ni. Wọ́n ní kó fi ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kó tún un tẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó wá ọdún tí wọ́n bí i, 1967, kò sí níbẹ̀; 1985 ni ọdún tó lọ́jọ́ lórí jù, Jọláolúwa sì bá a mú ìyẹn. Wọ́n fi àwòrán mẹ́sàn-án hàn án, wọ́n ní kó tọ́ka sí èyí tó ní iná ojú títì. Wọ́n ní kó wo ojú kọ̀ǹpútà, kó sì sọ fún wọn láàárín ìṣẹ́jú kan ìdí tó fi fẹ́ràn iṣẹ́ sítọ̀.

Bádéjọ túnra ṣe lórí àga. "Ẹ káàsán, sà," ló kí kọ̀ǹpútà. Ó dúró kó dá a lóhùn. Nígbà tí kò dáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe máa ń dá ike tó ti gbó mọ̀ nípa òórùn rẹ̀ kó tó já àpò rẹ̀. Kò tíì dé àárín ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní àkókò ti tán. Jọláolúwa wolẹ̀, torí àánú bàbá rẹ̀ ṣe é.

Nǹkan bí wákàtí méjì ló fi kọ ọ́ tán. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni èsì fi dé.

Ó kà á sókè: "Lẹ́yìn àyẹ̀wò fínnífínní, a kábàámọ̀ láti sọ fún ọ pé ìrírí rẹ kò bá ohun tí a ń wá mu." Ó tún un kà. Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni o, nínú sítọ̀ tó ti ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀ láti ọdún 1994.

"Wọn ò kà á," ló wí.

"Rárá, sà."

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ta ló lè fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ka ọgbọ̀n ọdún? Wọn ò kà á rárá!"

Jọláolúwa pa kọ̀ǹpútà dé. Bàbá rẹ̀ jókòó síbẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Lẹ́tà àwọn ará Ẹ̀pẹ́ yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

Jọláolúwa kò jẹ́ kí ayọ̀ rẹ̀ hàn lójú. "Àǹtí Agnes ló máa mọ̀, sà."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bádéjọ lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun. Òun àti Agnes gba Agbówà lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Bádéjọ rí ọkọ̀ kékeré kan níwájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá wà nínú rẹ̀, ó de táì, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, kò sì sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Oríyọmí nìyẹn," ni Agnes wí. "Iṣẹ́ ló ń wá."

Bádéjọ gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ mì. Ó fọwọ́ kan atukọ̀ léjìká. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Àkókò kékeré ni wọ́n máa ń fún un, ariwo wa ò gbọdọ̀ ba tirẹ̀ jẹ́." Wọ́n pa á, wọ́n sì dúró lórí omi títí ọmọ náà fi sọ̀rọ̀ tán.

Mojúbàolú gbà wọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún wọn ní omi. Ó mọ ohun tó gbé wọn wá dáadáa, ṣùgbọ́n ó béèrè.

"Kí la lè ṣe fún yín, sà?"

"Mo wá gba lẹ́tà kan ni."

"Lẹ́tà wo?"

"Èyí tí mo dá padà."

"Ṣé ẹ kà á kẹ́ ẹ tó dá a padà?"

Bádéjọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìtìjú mú un gidi. "Rárá, sà. Mi ò kà á."

Bàbá náà dìde, ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó gbé lẹ́tà náà fún un. Agnes na ọwọ́, ó ní obìnrin ló máa ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sókè fún ẹbí. Bádéjọ ní òun fúnra òun ló máa kà á. Ó tú rìbọ́nù. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà tóbi, ó sì dúró gbọn-in:

"Sí Bàbá Jọláolúwa. Mo kí yín. Ọmọ mi kò tíì ní iṣẹ́ tí ẹ̀yin mọ̀ sí iṣẹ́. Ó ń wá a. Mo máa ń wò ó láti etí omi. Ó máa ń de táì lọ sórí ọ̀sà lọ bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà kì í dá a lóhùn, ó sì tún máa ń de é lọ́jọ́ kejì. Ọdún mẹ́ta rè é tó ti ń wáṣẹ́. Mo rò ó, mo ní ẹni tí èyí kò tíì sú, gbígbé pẹ̀lú ọmọ yín kò ní sú u. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ọmọ yín."

Bádéjọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì pẹ́ lórí nínù ún. Ibẹ̀ ni Oríyọmí wọlé bá wọn, táì lọ́rùn, omi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, fóònù ọwọ́ rẹ̀ sì dún. Ó wò ó fìrí, ó fẹ́ fi í pamọ́.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Bádéjọ béèrè.

"Wọ́n ti kọ̀, sà."

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Ìwọ tiẹ̀ tètè rí tìẹ gbà," ni Bádéjọ wí. "Mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ̀ mí."

Oríyọmí gbójú sókè, kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín; Bádéjọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bá òun wá bíírò. Ó yí lẹ́tà náà padà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1994:

"Bàbá Oríyọmí, ẹ wá gbé ìyàwó yín. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi, mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."